John Ruskin àti Ohun tí Ó Fi sí Ìsàlẹ̀ Ojú-Ewé

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò mọ ilé kò lè mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kedere. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí ó lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láti wí fún àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ pé àlejò ni wọ́n nínú ayé tí wọ́n ń gbé: pé wọ́n ń rìn lábẹ́ àwọsánmà láì wò ó, wọ́n ń tẹ òkúta mọ́lẹ̀ láì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ra iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn láì bèèrè ọwọ́ tí ó ṣe é. John Ruskin ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ iṣẹ́ ọnà wò, láti sọ èyí tí ó dára àti èyí tí kò dára, àti ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, òṣùwọ̀n tí ó fi wọn àwọn ẹlòmíràn ni a fẹ́ fi wọn òun náà.

A kò ní fi pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ìwé àṣàyàn kan wà tí a fi ń kọ́ wa bí a ti í kọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́rán. Ojú-ewé kan láti ọwọ́ Ruskin wà nínú rẹ̀, níbi tí ó ti ṣe àpèjúwe òkun ní àṣálẹ́ lẹ́yìn ìjì. A kọ́ ọ sórí, a sì kà á sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa, inú wa sì dùn sí ìró rẹ̀ lẹ́nu wa. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí a tó rí odindi ìwé tí a ti yọ ọ́, kí a sì tó mọ̀ pé àkíyèsí kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé náà, èyí tí àwọn tí ó ṣe ìwé àṣàyàn wa kò kọ sílẹ̀. Àkíyèsí náà ni ó sọ pé ọkọ̀ ẹrú ni ọkọ̀ tí ń bẹ lórí òkun náà, àti pé ẹrú ni a ń jù sínú omi. A ti kọ́ ẹwà òkun náà sórí láì mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn wa ni ó wà nínú rẹ̀.

Kí a tó ṣe ìdájọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà. Ìlú London ni a bí i sí, ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì ọdún 1819, òun nìkan ṣoṣo ni àwọn òbí rẹ̀ sì bí. Baba rẹ̀, John James Ruskin, jẹ́ oníṣòwò wáìnì tí ó lówó, tí ó sì fẹ́ràn ìwé àti àwòrán. Ìyá rẹ̀, Margaret, kì í fi Bíbélì ṣeré rárá. Ó mú kí ọmọ náà máa ka Ìwé Mímọ́ sókè lójoojúmọ́ láti Jẹ́nẹ́sísì títí dé Ìfihàn, láì fo orúkọ tí ó ṣòro kankan. Bí wọ́n bá sì parí rẹ̀, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó kọ́ ọ̀pọ̀ orí sórí pẹ̀lú. Nígbà tí Ruskin darúgbó, ó jẹ́wọ́ pé inú ẹ̀kọ́ yìí ni òun ti rí èdè òun, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ka ìwé rẹ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn wòlíì nínú rẹ̀. Nígbà tí ó lọ sí Oxford ní 1837, ìyá rẹ̀ bá a lọ, ó gba ibùgbé sí ìlú náà kí ó lè máa mójú tó o. Lójú tiwa, ohun méjì ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún un. Ó mọ bí a ti í jókòó ti nǹkan kan títí yóò fi yé e. Ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ti í gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ta ko ni.

Ayàwòrán kan wà nígbà náà tí à ń pè ní J. M. W. Turner. Bí ó ti ń dàgbà sí i ni àwòrán rẹ̀ ń jìnnà sí ohun tí ojú àwọn ènìyàn ti mọ̀: ìmọ́lẹ̀ àti ìkùukùu, omi àti iná, ni ó gba gbogbo inú rẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ruskin jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí ó fi ìbínú kọ èsì kan láti gbèjà Turner. A kò tẹ̀ ẹ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìbínú náà kò kú. Ní 1843, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 24, ó tẹ ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé rẹ̀ lórí àwọn ayàwòrán ìgbà tirẹ̀ jáde, èyí tí ó pè ní Modern Painters. Kò kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó kàn sọ pé ẹnì kan tí ó gboyè ní Oxford ni ó kọ ọ́. Ìwé náà di ìdìpọ̀ márùn-ún kí ó tó parí ní 1860.

Ohun tí ó sọ ìwé náà di ńlá ni ọ̀nà tí ó gbà ṣe ìdájọ́. Àwọn olùyẹ̀wò mìíràn a máa bèèrè bóyá àwòrán tuntun jọ ti àwọn ọ̀gá àtijọ́. Ruskin kò bèèrè èyí. Ó bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọsánmà ti rí ní tòótọ́, bóyá bẹ́ẹ̀ ni òkúta ti ń là, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ka ti ń yọ lára igi, tí omi sì ń gba àwòjìji. Ó mú òǹkàwé jáde kúrò nínú ilé àwòrán lọ sí orí òkè, ó ní kí ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Láti 1854 ni ó ti ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní àwòrán yíyà lálẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní London, láì gba owó, ó sì sọ fún wọn gbangba pé kì í ṣe kí wọ́n lè di ayàwòrán ni òun fi ń kọ́ wọn, bí kò ṣe kí wọ́n lè ríran. Ẹ̀kọ́ yìí dára, a kò sì mọ ẹni tí ó kọ́ni ní i dáradára jù ú lọ.

Nínú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní náà ni ojú-ewé òkun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wà. Àwòrán tí ó ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí Turner fi hàn ní London ní 1840, tí ó fi àwọn oníṣòwò ẹrú hàn bí wọ́n ti ń ju òkú àti àwọn tí ń kú lọ sínú omi nígbà tí ìjì ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọ̀ràn ọkọ̀ Zong wà ní ọkàn Turner. Ní 1781, àwọn atukọ̀ ọkọ̀ yìí, tí í ṣe ti àwọn oníṣòwò Liverpool, ju ọmọ Áfíríkà tí ó lé ní 130 sínú òkun láàyè, àwọn tí ó ni ọkọ̀ náà sì lọ béèrè £30 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí ó dúró fún ìdójútòfò ẹrù wọn. Nínú àwòrán Turner, oòrùn ń wọ̀ nínú ọ̀run pupa, ọkọ̀ náà ń lọ nínú ìgbì, ní igun ìsàlẹ̀ àwòrán sì ni ẹsẹ̀ ènìyàn kan gbé yọ sókè pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí ẹja yí i ká. Ruskin sọ pé bí a bá ní kí òun fi iṣẹ́ kan ṣoṣo gbé orúkọ Turner ró títí ayé, èyí ni òun yóò mú. Baba rẹ̀ sì ra àwòrán náà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1844. Lónìí ó wà ní ilé àwọn ohun ọnà ní Boston ní Amẹ́ríkà.

A kò gbọdọ̀ rẹ́ Ruskin jẹ. Ó pe ọkọ̀ náà ní ẹlẹ́bi, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ kún àwọ̀ tí ó fi kùn ún lẹ́nu. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé ìbànújẹ́ ọ̀ràn náà ni ó mú kí ó fi í sí ìsàlẹ̀, nítorí ohun tí ó wúwo jù ni a kì í pariwo rẹ̀. A gbọ́ àwíjàre yìí, a kò sì kà á sí asán. Ṣùgbọ́n òfin Ruskin fúnra rẹ̀ ni pé kí a dárúkọ ohun tí ojú rí, kí a má fo ọ̀kankan. Ó sọ bí ìgbì ti ń gbéra, ó sọ bí ó ti ń wó lulẹ̀. Ó ka àwọ̀ oòrùn lórí omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ẹsẹ̀ tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, kò ní ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún 1843 kan náà tí ìwé náà jáde, Bíṣọ́ọ̀bù London fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ oyè àlùfáà, ẹni tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí a sì gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí ní 1822. Ẹni tí omi náà ìbá ti gbé lọ ń rìn ní òpópónà London ní ọdún tí a ń yin ẹwà omi náà.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Ruskin kọ ohun tí a kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù lọ. Ó ti lọ gbé ní Venice ní Itálì lẹ́ẹ̀mejì, láti 1849 sí 1850 àti láti 1851 sí 1852. Ó ń gun àkàbà, ó ń wọn òpó àti fèrèsé, ó ń ya àwòrán àwọn ilé àtijọ́ kí wọ́n tó wó tán. Ìwé ìdìpọ̀ mẹ́ta ni ó kọ lórí àwọn òkúta ìlú náà láàárín 1851 sí 1853, ó sì pè é ní The Stones of Venice. Orí kan wà nínú ìdìpọ̀ kejì tí ó sọ̀rọ̀ lórí irú ilé kíkọ́ tí à ń pè ní Gothic, èyí tí a fi kọ́ àwọn kàtídírà àtijọ́. Àwọn ènìyàn ń fi ère inú àwọn kàtídírà náà ṣẹ̀sín pé wọn kò gún régé. Ruskin dáhùn pé àìgúnrégé náà gan-an ni ògo wọn, nítorí ó fi hàn pé a jẹ́ kí ẹni tí ó gbẹ́ wọn lo ọkàn ara rẹ̀. Ohun tí ó dán, tí ó dọ́gba láìlábùkù, nínú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ìgbà tirẹ̀, àmì ni ó jẹ́ pé a ti sọ ẹni tí ó ṣe é di irinṣẹ́.

Láti fi èyí hàn, ìlẹ̀kẹ̀ ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Dígí ni wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀: wọn a yọ́ ọ, wọn a fà á di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, àwọn òṣìṣẹ́ a sì jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, wọn a máa gé e wẹ́wẹ́, a ó sì tún kó o sínú iná ìléru kí ó lè di róbótó. Kò sí ibi tí ọgbọ́n òṣìṣẹ́ náà gbé wọ inú iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a rà. Nítorí náà Ruskin sọ pé ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá ra irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń bá wọn ṣe òwò ẹrú, ó sì fi kún un pé òwò yìí burú ju èyí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbìyànjú láti pa rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni agbára Ruskin àti àìlera rẹ̀ gbé pàdé. Ẹlòmíràn kò ronú rí láti wo ọrùn obìnrin kí ó sì rí ọwọ́ tí ń gé dígí. Ruskin rí i, ó sì kọ́ wa láti rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìlẹ̀kẹ̀ nìkan ni ó wò, kò wo iwájú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice wà lára ọjà tí àwọn òyìnbó fi ń ra ènìyàn ní etíkun wa fún ìgbà pípẹ́. Kì í ṣe òwe ni òwò ẹrú jẹ́ fún àwọn tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ náà rà. Òwò náà kò sì tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1853: ìparí 1851 ni àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìbọn ńlá lé ọba tí ń ta ẹrú kúrò ní Èkó, ó sì tún ju ọdún mẹ́wàá lọ kí ọkọ̀ tó dẹ́kun kíkó àwọn ènìyàn lọ sí Kúbà. Kí a sọ pé iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ burú ju èyí lọ, ẹni tí ó mọ òwò ẹrú láti inú ìwé nìkan ni ó lè sọ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá tẹ̀lé ìlẹ̀kẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ́ wa, òun náà ni yóò mú wa dé etíkun. Ọ̀nà tí ó là gùn ju ibi tí ẹsẹ̀ tirẹ̀ dé lọ.

Láti inú orí yìí ni ó ti kúrò lórí àwòrán bọ́ sórí ọ̀ràn owó. Ní 1860 ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sínú ìwé oṣooṣù Cornhill Magazine, àríwísí sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olóòtú fi ní kí ó dáwọ́ dúró. Ó kó wọn jọ di ìwé ní 1862, ó sì fà orúkọ ìwé náà, Unto This Last, yọ láti inú òwe Olúwa wa nípa àwọn alágbàṣe inú ọgbà àjàrà, níbi tí ẹni tí ó dé kẹ́yìn gba owó kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó dé ní kùtùkùtù. Ó bá àwọn ọ̀mọ̀ràn ètò owó wí, pàápàá John Stuart Mill, pé wọ́n ń ṣe ìṣirò ènìyàn bí ẹni pé kò ní ọkàn. Ó ní àwọn ènìyàn tí ayé dùn fún, tí ìwà wọn sì dára, ni ọrọ̀ orílẹ̀-èdè, kì í ṣe wúrà. Kò sì fi mọ sí ẹnu. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní 1864, ohun tí ó jogún lé ní £100,000. Ó fi púpọ̀ nínú rẹ̀ tọrẹ, ó sì fi díẹ̀ ra ilé ní London tí Octavia Hill ń bójú tó fún àwọn tálákà.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 1865, àwọn aláwọ̀ dúdú dìde ní Morant Bay ní Jàmáíkà nítorí ìṣẹ́ àti ìdájọ́ èké. Gómìnà Edward Eyre rán ọmọ-ogun sí wọn: a pa ènìyàn tí ó lé ní 400, a na nǹkan bí 600, a sì sun ilé bí 1,000. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì. Àwọn tí ó fẹ́ kí a gbé Eyre lọ sí ilé ẹjọ́, Mill ni ó ṣíwájú wọn. Àwọn tí ó gbèjà rẹ̀, Thomas Carlyle ni olórí wọn, Ruskin sì dúró tì í. Ẹni tí Ruskin bá wí pé ó ń ka ènìyàn bí owó ni ó sọ̀rọ̀ fún àwọn tí a nà. Ẹni tí ó kọ̀wé pé ènìyàn ni ọrọ̀ ni ó gbèjà ẹni tí ó ní kí a nà wọ́n. A kò rí ọ̀rọ̀ rere kan tí a lè fi bo èyí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó ṣe ṣì ìdájọ́ nínú iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ní 1877 ó rí àwòrán James Whistler, tí ó fi iná àríyá hàn bí ó ti ń já bọ́ nínú òkùnkùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àfojúdi ni kí ẹnì kan béèrè 200 gínì fún irú rẹ̀, ó fi í wé ọ̀dà tí a dà sí àwọn ènìyàn lójú. Whistler pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ó sì jàre ní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́ fún un, gbèsè ẹjọ́ náà sì sọ ọ́ di ẹdun arinlẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ti yí padà: ọmọ ọdún 17 tí ó bínú nítorí ẹ̀sín tí a fi Turner ṣe, òun náà ni ó wá di àgbà tí ń fi ayàwòrán tuntun ṣẹ̀sín, tí kò sì jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀.

Kí ni ó wá kù? Ní 1904, nínú ọkọ̀ ojú irin láti Johannesburg lọ sí Durban, agbẹjọ́rò ọmọ Íńdíà kan tí à ń pè ní Gandhi ka Unto This Last. Kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Láàárín ọdún yẹn kan náà ni ó dá ibùdó Phoenix sílẹ̀, níbi tí olúkúlùkù gbé ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ rẹ̀, ó sì tún ìwé náà sọ ní èdè Gujarati ní 1908. Gandhi kò béèrè bóyá Ruskin ní irú àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ́kàn. Ó gba òfin náà, ó sì mú un dé ibi tí ẹni tí ó ṣe é kò mú un dé. Lójú tiwa, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ka ọ̀gá tí ó tóbi, tí ó sì ní àbùkù.

Ruskin kú ní Brantwood, létí adágún Coniston, ní ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ni a sì sin ín sí. Àwa ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ojú-ewé òkun náà, nítorí ó kọ́ni bí a ti í wo nǹkan. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí wọ́n dúró ní ibi tí ìwé àṣàyàn dúró. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ti ka ti òkè tán, a ó ní kí ẹlòmíràn dìde, kí ó ka àkíyèsí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan náà. Ojú dídára ni Ruskin ní, ṣùgbọ́n àlejò ni ó jẹ́ lórí omi yẹn. Àwa kì í ṣe àlejò níbẹ̀.